Ọ̀sà ni kí ẹ tẹ̀ lé: ìfiwéra fún ìdílé tó fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ rìn létíkun láti Àjàṣẹ́

Ọ̀nà etíkun tó lọ láti Abidjan dé Èkó gùn tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sì gbà kọjá. Apá ìparí rẹ̀, níhà ìlà oòrùn, ni àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) wà. Bí ìdílé kan níbí bá ní àwọn fẹ́ rìn ín pẹ̀lú ọmọ, nínú ọkọ̀ tí wọ́n tún máa ń sùn sí, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé irú bọ́ọ̀sì wo ni kí àwọn wá. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló ṣáájú. Ibi tí ọmọ á ti wọ omi ló ṣáájú, ibi tí gbogbo yín á sùn ló tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ló wá kàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ọkọ̀, ọkọ̀ náà ló máa yan ìrìn àjò fún un.

Òkun àbí ọ̀sà?

Òkun tiwa kì í ṣe òkun ọmọdé. Láti Kútọnu títí dé Lomé, yanrìn etí omi dà gẹ̀rẹ́, ìgbì máa ń fọ́ nítòsí ilẹ̀ gan-an, omi tó bá sì ń padà máa ń fa ènìyàn lọ síbú. Ọmọ tí omi kò tíì dé orúnkún rẹ̀ lè yọ̀ ṣubú, kí omi sì ti wọ́ ọ lọ kí bàbá rẹ̀ tó dìde lórí ẹní. Àgbà tó mọ̀wẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú. Bẹ́ ẹ bá bi àwọn apẹja Grand-Popo léèrè ibi tí ọmọ lè ti wẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n máa nawọ́ sí, níbi tí ọ̀sà wà.

Orí wa sì dára, ọ̀sà ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ọ̀nà sílẹ̀ láti ilé lọ títí dé Ghana. Nítorí náà, ẹ fi òkun sílẹ̀ fún wíwò, fún bọ́ọ̀lù, fún yanrìn, fún dídúró ti àwọn tó ń fa àwọ̀n láàárọ̀ (ọmọ tó bá bá wọn di okùn mú kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀). Wíwẹ̀ di ti ọ̀sà. Mo fi ibi mẹ́rin tó ṣe é yà sí wé ara wọn.

Adágún Ahémé, lápá Possotomè, ló sún mọ́lé jù nínú àwọn tó dára. Omi rẹ̀ rọ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wà, omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn. Ó yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ńlá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dákẹ́. Ẹnu odò Mono ní Grand-Popo, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy, dára ju ìyẹn lọ láti wò: igbó ẹ̀gbà inú omi, ẹyẹ, àti ibi tí odò ti ń bọ́ sókun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi lẹ máa fi wò ó, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ níbi tí odò àti òkun ti ń bá ara wọn jà. Bó bá jẹ́ òpin ọdún lẹ lọ, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń dáàbò bo alábahun òkun bóyá wọ́n fẹ́ dá ọmọ alábahun padà sómi. Ọ̀fẹ́ ni ayọ̀ ọmọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Adágún Togo, ní Agbodrafo, ni mo fẹ́ràn jù fún ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́. Òkun wà lápá kan ọ̀nà, adágún wà lápá kejì, ẹ lè gbọ́ híhó òkun lẹ́yìn kí ọmọ sì máa fẹsẹ̀ lu omi tó tòrò níwájú. Ọlọ́pọ́n á gbé yín kọjá lọ sí Togoville, kí oòrùn tó le ẹ ti padà.

Ìkẹrin ni Keta, ní Ghana, ìlú tó dúró lórí yanrìn tínínrín láàrin òkun àti ọ̀sà tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Òkun ti jẹ nínú ìlú yẹn gan-an. Ẹ mú àwọn ọmọ tó dàgbà lọ wo Fort Prinzenstein tí àwọn ará Denmark kọ́ ní 1784, wọ́n á fojú ara wọn rí ohun tí omi ń ṣe sí ògiri. Ọ̀sà ẹ̀yìn ìlú kò jìn, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́. Omi tí kò ní iyọ̀, tí kò sì ṣàn, ni ìgbín kékeré tó ń gbé àtọ̀sí ajá máa ń fẹ́. Ní ìsàlẹ̀ odò Volta, àìsàn náà pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n mọ ìdídò Akosombo ní 1965. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá dé apá Ada àti Sogakope, ẹ fi ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ má fi sínú omi, pàápàá níbi tí koríko bá hù sí etídò. Ọ̀sà tí omi òkun ń dà sí kò fún ìgbín yẹn láyè bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀ oòrùn àbí ìlà oòrùn?

Láti Àjàṣẹ́, ọ̀nà méjì ló wà. Ti ìwọ̀ oòrùn gba Kútọnu, Ouidah, Grand-Popo, ibodè Hillacondji, Lomé, ibodè Aflao, Keta, Accra, títí dé Cape Coast. Ti ìlà oòrùn gba Sèmè-Kraké lọ sí Badagry, ó dé Èkó, ó sì kọjá lọ sí Lekki àti Ẹ̀pẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ènìyàn lẹ ń wá, ìlà oòrùn ni. Kò sí ibòmíràn létíkun yìí tí ọmọ Àjàṣẹ́ á ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kó sì bá ọmọ ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ìbátan wà, àǹtí wà, ẹni tó máa sọ pé "ẹ má sùn sínú mọ́tò, ilé wà" kò wọ́n. Ọmọ tó jẹ́ pé Faransé ló gba ẹnu rẹ̀ nílé ìwé á gbọ́ Yorùbá lórí rédíò, nínú ọjà, lẹ́nu ọlọ́pàá. Badagry ní ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, àti erékùṣù tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sókun. Ní Lekki, afárá orí igi tí wọ́n so nínú igbó àbò gùn ní mítà 401, ọ̀bọ sì wà nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ńlá tí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí kò bá ọ̀nà yẹn mu. Láti Sèmè sí Badagry, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀ débi pé ọmọ á sun oorun kan, á jí, ẹ kò tíì rìn jìnnà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá yín dúró, wọ́n á fẹ́ wo ìdí bẹ́ẹ̀dì. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó tún wà níwájú, pẹ̀lú ọmọ tó fẹ́ tọ̀. Àwa ará ibí kò sì tíì gbàgbé pé Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, tí wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020. Bẹ́ ẹ bá máa lọ sápá ibẹ̀, ọkọ̀ kékeré ni kí ẹ mú, kí ẹ sùn lọ́dọ̀ ẹbí.

Ìwọ̀ oòrùn ni ti omi. Ọ̀nà gùn jù: láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnu bíi 30 kìlómítà, Kútọnu sí Lomé bíi 150, Lomé sí Accra bíi 190, Accra sí Cape Coast bíi 145. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí 520 ní àlọ. Ibodè méjì péré ló wà láàrin, owó sẹ́fà kan náà lẹ máa ná títí dé Lomé, ibi tí ọkọ̀ lè yà sí sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá dé Cape Coast, igbó Kakum kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sókè. Afárá orí igi tiwọn, tí wọ́n ṣí ní 1995, gùn ní mítà 350, ó sì ga tó 40 mítà níbi tó ga jù. Ti Lekki gùn jù ú, tiwọn ga jù. Ọmọ tó ń bẹ̀rù gíga, Lekki ló máa gba tiẹ̀. Ọmọ tó ń gun àgbọn ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbé e lọ sí Kakum.

Ní ti àwọn ilé ẹrú ní Elmina (tí àwọn Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1482) àti Cape Coast, èrò tèmi ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kò ní ohun tó ń wá nínú àjàalẹ̀ yẹn. Kí òbí kan wọlé pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n, kí èkejì jókòó síta pẹ̀lú àwọn àbúrò. Ẹ ṣe bákan náà ní Ouidah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ibẹ̀, tó wà láti 1995, wà ní gbangba lórí yanrìn, ọmọ lè sáré yí i ká.

Nípa àtidé Ouidah, ọ̀nà méjì tún ni: títì ńlá, tàbí Ọ̀nà Àwọn Apẹja tó bẹ̀rẹ̀ ní Fidjrossè tó sì rọ̀ mọ́ òkun. Títì yá. Ọ̀nà Àwọn Apẹja ló lẹ́wà, ọ̀pẹ àgbọn lápá ọ̀tún, òkun lápá òsì. Bí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, ẹ béèrè bó ṣe rí kí ẹ tó kó bọ́ọ̀sì wúwo wọ inú rẹ̀. Yanrìn kì í bá táyà ṣeré.

Ọkọ̀ wo?

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yá ènìyàn ní ọkọ̀ tó ti ní bẹ́ẹ̀dì àti síńkì nínú, bíi ti Faransé tàbí Jámánì, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tó wà ni ọkọ̀ àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé, àti káfíńtà. Ẹ wo mẹ́ta tó ṣeé yàn:

| | Bọ́ọ̀sì tí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí | Bọ́ọ̀sì àyálò pẹ̀lú awakọ̀ | Ọkọ̀ kékeré tiyín |
|---|---|---|---|
| Ibi tí owó ń lọ | Ọkọ̀, káfíńtà, epo | Owó ojúmọ́, oúnjẹ àti ibùsùn awakọ̀ | Yàrá ní gbogbo alẹ́ |
| Òru | Ooru, ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ọmọ ń sùn | Yàrá tuntun, ẹrù títú àti dídì | Bákan náà |
| Ibodè | Wọ́n á tú ẹrù wò | Awakọ̀ mọ ìwà ibẹ̀ | Ó yá jù |
| Bó bá bàjẹ́ lọ́nà | Ilé àti ọkọ̀ bàjẹ́ pọ̀ | Wàhálà awakọ̀ ni | Yàrá ṣì wà |
| Ta ló yẹ | Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta sókè | Ọ̀sẹ̀ kan, ẹbí tó pọ̀ | Ọmọ kan tàbí méjì, ìlà oòrùn |

Ọkọ̀ akérò ńlá tó ń lọ láti Kútọnu sí Accra, mi ò fi í sínú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Ìrìn àjò etíkun jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ máa yà.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí bọ́ọ̀sì tó ní bẹ́ẹ̀dì. Toyota Hiace àti Mercedes Sprinter ló wọ́pọ̀ jù. Sprinter tí òrùlé rẹ̀ ga, ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀ kó wọ aṣọ fún ọmọ, ẹni tó bá ti tẹ̀ ba wọ ọmọ mẹ́ta ní ṣòkòtò láàárọ̀ mọ iyì èyí. Àmọ́ Hiace ni gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ láti Wandó ní Àjàṣẹ́ níbí títí dé Takoradi ní Ghana, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì wọ́n lójú ọ̀nà. Láàrin ìdúró ṣánṣán àti mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ni mo máa mú. Hiace á mu epo bíi lítà 11 tàbí 12 ní 100 kìlómítà. Bẹ́ ẹ bá ka àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú yíyà sọ́tùn-ún sósì sí 1,300 kìlómítà, ẹ múra sílẹ̀ fún nǹkan bí 150 lítà. Ẹ rà á ní ilé epo. Kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò létí títì, lè gba alùpùpù là, àmọ́ ẹ́ńjìnnì òde òní kì í fẹ́ràn rẹ̀, àti láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, èrè rẹ̀ kò tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ tàbí kó dára. Hiace tó wọ́pọ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 1.7 lọ lóde. Bẹ́ ẹ bá yọ irin àti páálí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò, inú rẹ̀ kù bíi mítà 1.5. Bàbá tó ga ní 1.75 kò lè nà gbalaja sí ìbú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè nà. Nítorí náà, àgbà á sùn sí òró, ọmọ á sùn sí ìbú. Káfíńtà tó bá gbọ́ "bẹ́ẹ̀dì" á fẹ́ kan pákó kan ṣoṣo tó gba gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀. Á ní, "Ìyá Ìbejì, ó máa fẹ̀ dáadáa, gbogbo yín lẹ máa gbà á." Ẹ má gbà fún un. Pákó bẹ́ẹ̀ ti gba ipò ìjókòó, ọmọ á sì wá máa dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ọkọ̀ tó bá tẹ bíréèkì lójijì, ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa kọ́kọ́ dé gíláàsì iwájú.

Ètò tó dára ni kí ìlà ìjókòó kejì dúró, kó kọjú síwájú, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bẹ́líìtì tirẹ̀, kí èyí tó kéré jù ní ìjókòó ọmọdé. Ẹ̀yìn ìlà yẹn ni bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn ọmọ á jẹ́ pákó tó ń ṣẹ́, tí wọ́n ń tẹ́ lé orí ìjókòó náà lálẹ́ nìkan, pẹ̀lú fóòmù tí kò nípọn jù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àgbà ni bídọ̀ọ̀nù omi lítà 25 wà, àti gáàsì kékeré kìlò 6 tí ẹ fi okùn dè, tí ẹ sì ti orí rẹ̀ pa.

Ìta ni kí ẹ ti dáná. Bí òjò ń rọ̀, ẹ jẹ gààrí. Èéfín èédú tàbí ti gáàsì nínú ọkọ̀ tí a tì pa máa ń pa ènìyàn lójú oorun láì jẹ́ kó gbóòórùn ohunkóhun. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sábẹ́ fèrèsé.

Ooru ni ọ̀tá kejì. Ọkọ̀ tí oòrùn ti pa látàárọ̀ kì í tutù títí di ààjìn, ẹ kò sì lè ṣí ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀fọn. Télọ̀ ló ní oògùn rẹ̀: kó rán aṣọ àwọ̀n tó tóbi ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ, kó ki rọ́bà sí etí rẹ̀ yíká, kí ẹ lè fi de ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí ẹni fi fìlà dé ọmọ lórí. Ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ á sì máa gba inú kọjá. Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn lásán dání pẹ̀lú, nítorí ti yàrá àwọn ilé àlejò kan ti ya.

Ní ti bọ́ọ̀sì àyálò, ohun méjì ni kí ẹ bá awakọ̀ sọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ta ló ń san ibùsùn àti oúnjẹ rẹ̀, àti pé ẹ kò ní rin òru. Awakọ̀ wa fẹ́ràn òru nítorí pé títì ṣófo. Òru náà sì ni kámíọ̀n tí kò ní iná máa ń dúró láàrin ọ̀nà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ìkejì, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìdájọ́ tèmi: bí ìrìn àjò kò bá ní tó ọjọ́ mẹ́wàá, má ṣe káfíńtà kankan. Ọkọ̀ kékeré tàbí àyálò ti tó. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bọ́ọ̀sì oníbẹ́ẹ̀dì jèrè, nítorí pé ọmọ ń sùn lórí ìrọ̀rí kan náà ní gbogbo ìlú, ẹrù kì í sì í di títú àti dídì. Àmọ́ kódà nígbà náà, ẹ máa gba yàrá ní alẹ́ kẹta kẹta, kí gbogbo yín wẹ̀ dáadáa, kí ẹ fọṣọ, kí tọkọtaya sì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ẹsẹ̀ ọmọ lójú.

Ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí lálẹ́

Orí yanrìn gbangba, àgbàlá ilé àlejò, tàbí ilé epo. Yanrìn gbangba ló lẹ́wà jù nínú fọ́tò, òun ni mi ò sì ní gba ìdílé kankan níyànjú rẹ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ yín, ọmọ tó bá jí ní ìdájí lè ṣílẹ̀kùn kó sì kọjú sókun. Ilé epo ní iná, ó ní ẹ̀ṣọ́, ó sì ní ariwo kámíọ̀n títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó dára fún alẹ́ kan tí ilẹ̀ bá ṣú bá yín.

Àgbàlá ilé àlejò ló borí. Ẹ wọlé, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ síbẹ̀ kí ẹ sì lo ilé ìwẹ̀, kí ẹ tún ra oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́ wọn. Oúnjẹ tí ẹ rà ló ń ṣí ẹnu ọ̀nà. Ẹ dúnàá-dúrà kí ọmọ tó sọ̀kalẹ̀, nítorí pé tí ọmọ bá ti rí ìgò ọsàn lórí tábìlì, iye owó ti yí padà. Àwọn ibùdó ńlá tó ní oko àti ilé àlejò papọ̀ náà dára, irú Songhaï tó wà ní Wandó níbí láti 1985. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán bẹ́ẹ̀dì wò kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n á gbà yín fún alẹ́ kan.

Aago tún wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rántí. Bẹ́ ẹ bá ti ré kọjá Hillacondji, aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ikùn ọmọ kò mọ ìyẹn. Ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́fà nílé á jí ní aago márùn-ún ní Lomé, á sì bèèrè ẹ̀kọ. Oòrùn náà á wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dípò méje. Nítorí náà, ní Togo àti Ghana, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró síbi tó máa sùn ní aago mẹ́rin àbọ̀. Ẹ wakọ̀ láàárọ̀, ẹ wẹ̀ lọ́sàn-án. Ọjọ́ tí ẹ bá rìn ju wákàtí mẹ́ta lọ pẹ̀lú ọmọ, ẹ má rìn lọ́jọ́ kejì.

Oṣù Kẹjọ àbí Kérésìmesì?

Oṣù Kẹjọ. Òjò ńlá ti dáwọ́ dúró nígbà náà, ti kékeré kò tíì dé, oṣù tó tutù jù létíkun wa nìyẹn, ilé ìwé sì ti wọ ìsinmi. Òkun máa ń le lásìkò yẹn ju ìgbà ọyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti gbà pé ọ̀sà lẹ̀ ń wẹ̀, kò kàn yín. Ìsinmi Kérésìmesì kúrú, òru rẹ̀ gbẹ, ẹ̀fọn dín, àmọ́ gbogbo ayé ló wà lójú ọ̀nà, ibodè kún, yàrá wọ́n. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ọdún Vodun inú oṣù Kìíní kún un ní Ouidah, ẹ wá ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí tipẹ́tipẹ́. Oṣù Kẹfà ni kí ẹ má dán wò rárá.

Ọmọ wo ló lè lọ?

Ọmọ tó ń rá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ló le jù nínú bọ́ọ̀sì: kò sí ibi tó lè rìn, gbogbo nǹkan ló sì lè kì sẹ́nu. Ọmọ ọmú rọrùn ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Láti ọdún márùn-ún dé mọ́kànlá ni ọjọ́ orí tó dára jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á bá yín lọ, àmọ́ ẹ fún un níṣẹ́ gidi: kó máa di máàpù mú, kó máa ṣírò epo, kó máa yí sẹ́fà sí sídì. Ẹ má fi ọmọ kankan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì nínú oòrùn, ìbáà ṣe kí ẹ sáré ra omi.

Bí ibà bá mú ọmọ láàrin ọ̀sẹ̀ tí ẹ padà dé tàbí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ibà ẹ̀fọn kì í sábà hàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹ ọmọ.

Ìwé

Benin, Togo, Ghana àti Nàìjíríà ló wà nínú CEDEAO (ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà), àdéhùn ìrìn ọ̀fẹ́ 1979 sì gba ọmọ ìlú láyè láti dúró fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Káàdì ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà tó ṣì wà lójú ọjọ́ fún àgbà, àti ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún gbogbo yín. Ní ti ọkọ̀, asúráǹsì ti Benin nìkan kò tó: ẹ gba káàdì buráùn CEDEAO lọ́wọ́ ilé asúráǹsì yín. Kútọnu níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1982, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa kì í rántí rẹ̀ àfi tí wọ́n bá dé Hillacondji. Bí ọkọ̀ kò bá sí lórúkọ yín, kí ìwé àṣẹ oní-ọkọ̀ wà pẹ̀lú yín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò jù, wọ́n sì ní ìdí, nítorí àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá. Aṣọ́bodè á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo ojú ọmọ, á ní, "Ta lẹ jọ wá?" Ọmọ tí ojú ń tì á dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì lè gbà yín ní wákàtí kan. Ẹ ti kọ́ ọmọ láti sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti ti òbí rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé, kì í ṣe "Màámi" àti "Bàbá Ìbejì". Bó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ń kó wọn lọ, kí ìwé àṣẹ òbí kejì wà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó ń fi ọmọ rẹ̀ kún ti yín náà gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Ojúlówó ìwé ìbí á wà nínú báàgì ìyá, ẹ̀dà rẹ̀ á wà nínú ọkọ̀, fọ́tò rẹ̀ á sì wà lórí fóònù ẹnìkan tó kù sílé ní Àjàṣẹ́.